Bí ẹ ṣe máa fi àwòrán CT ránṣẹ́ sí dókítà tó jìnnà, kí ojú ẹlòmíràn má tó o

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya àwòrán inú ara aláìsàn, CT àti MRI, ní Garki níbí ní Àbújá. Bí ẹni tí a yà á fún bá jẹ́ Yorùbá, mo ti mọ ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa sọ bí wọ́n bá ti gba èsì tán: "Dókítà wa wà ní UCH, n'Íbàdàn," tàbí "Ọmọ mi tó jẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun lálẹ́ yìí." Wọ́n á fa fóònù yọ, wọ́n á gbé fíìmù náà sí ojú fèrèsé, wọ́n á yà á, ó di orí WhatsApp. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ohun tí mo máa ń bá wọn sọ lẹ́nu ọ̀nà ni mo kọ síbí, nítorí kò ṣe é sọ tán ní kánmọ́kánmọ́ nígbà tí aláìsàn mìíràn ti dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Fíìmù dúdú ńlá tí wọ́n kó sínú àpò bébà fún yín kì í ṣe gbogbo àwòrán náà. Ìwọ̀nba tí a ṣà nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ CT máa ń wo ara ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ fáìlì tó dá dúró. Àmì tóótòòtó 512 ló sábà máa ń wà ní ìbú rẹ̀, 512 ní òòró, àmì kọ̀ọ̀kan sì ń gba báìtì 2. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 512 KB ni pẹlẹbẹ kan. Bí a bá ya àyà àti ikùn papọ̀ ní tínńrín-tínńrín, pẹlẹbẹ náà lè lé ní 1,000, fódà yín á sì ti kọjá 500 MB. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣe é so mọ́ ímeèlì. Gmail kò gbà ju 25 MB lọ.

Ohun tó sì burú nínú kí a fi fóònù ya fíìmù ni pé ó ń gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Godfrey Hounsfield, ẹnjiníà ará Ìlú Ọba tí òun àti Allan Cormack jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979 nítorí CT, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ yìí ń lò. Omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, egungun líle lè kọjá 1000. Ojú ènìyàn kò lè rí gbogbo ìpele wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà dókítà á máa fa máòsì, á máa yí àwòrán náà padà: ti ẹ̀dọ̀fóró lọ́tọ̀, ti egungun lọ́tọ̀, ti ọpọlọ lọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà sí ẹ̀gbẹ́ agbárí lè fara pamọ́ sínú funfun egungun pátápátá bí dókítà kò bá yí i. Fọ́tò tí a fi fóònù yà kò ṣe é yí.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti ya àwòrán náà, ẹ sọ fún wọn pé DICOM lẹ fẹ́, lórí CD tàbí fúláàṣì. Orúkọ yẹn ni gbogbo àwa oníṣẹ́ yìí mọ̀. Ìlànà tí a fi ń kó àwòrán ìwòsàn sínú fáìlì ni, láti 1993 ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí àwòrán tí a yà ní Garki ṣí ní Ìbàdàn, ní Kánò, ní Manchester. Ẹ gba fíìmù, ẹ gba ìwé èsì, ṣùgbọ́n ẹ má lọ láìgba DICOM.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà yàtọ̀ sí àwòrán

Inú pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan ni orúkọ aláìsàn wà, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí a yà á, àti orúkọ dókítà tó ní kó wá, lọ́pọ̀ ìgbà. A kò rí i lójú àwòrán nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní sọ́fítíwíà tó yẹ máa kà á ketekete. Bó bá jẹ́ orí la yà, ọ̀rọ̀ náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: kọ̀ǹpútà lè to àwọn pẹlẹbẹ náà pọ̀ títí ojú onítọ̀hún á fi hàn, imú rẹ̀, ètè rẹ̀, bí àgbọ̀n rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n máa dá a mọ̀.

Ìdílé kan wà ní Kubwa tí mo mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fi èsì CT màmá wọn sórí gúrúùpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn níbí, pé kí ẹgbẹ́ bá àwọn fi àdúrà rán màmá lọ́wọ́. Ọkàn mímọ́ ló fi ṣe é. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ìjọ, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà màmá ní ọjà. Màmá kò tíì fojú kan dókítà. Ẹnu obìnrin kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ló ti kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n rí kókó lára ẹ̀dọ̀ òun. Màmá yìí kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mi ò sì lè dá a lẹ́bi.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ àwọn ohun tó gba ìṣọ́ra jùlọ. Ó de àwa tí a ń ṣiṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti ọwọ́ ará ilé dé orí fóònù ọmọ ẹgbẹ́ tán, kò sí òfin tó lè gbà á padà níbẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tì í

Èyí ni kókó ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Gbogbo àwọn tó ń bá ènìyàn gbé fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ní ààbò. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń sọ: ẹni tó bá dènà kò ní rí i kà. Bí fáìlì bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sì jí àkáǹtì yín wọlé máa rí ohun gbogbo. WhatsApp sàn jù wọ́n lọ ní ti pé láti 2016 ni ìfiránṣẹ́ rẹ̀ ti di àtìpa láti fóònù dé fóònù, kódà àwọn tó ni ín kò lè kà á. Ṣùgbọ́n bó bá ti balẹ̀ sórí fóònù ẹni tó gbà á, gbangba ló wà, àwọn ọmọ tó ń fi fóònù bàbá wọn ṣeré á ṣí i. Ẹni tó bá fi àpótí rán awakọ̀ láti Utako ní Àbújá níbí lọ sí Ìbàdàn kì í kó kọ́kọ́rọ́ àpótí náà fún awakọ̀. Kí ẹ ti fáìlì náà pa kó tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà yín, kí kọ́kọ́rọ́ sì gba ọ̀nà mìíràn lọ. Bí ẹ bá ṣe èyí dáadáa, ọ̀nà yòówù tí ẹ bá fi rán an kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lórí CD. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù òde òní kò ní ibi tí a ń ki CD bọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń sá lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sórí kọ̀ǹpútà wọn, orí rẹ̀ ló máa wà lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó tí ẹ lọ, ẹ kò sì mọ ẹni tó máa jókòó tì í lẹ́yìn yín. Ẹ bẹ àwọn tó ya àwòrán náà kí wọ́n dà á sórí fúláàṣì yín. Tàbí kí ẹ ra ẹ̀rọ CD kékeré tí a ń fi okùn USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ máa rí i ní Banex Plaza ní Wuse 2. Ẹ ṣẹ̀dá fódà tuntun kan, kí ẹ da gbogbo ohun tó wà lórí CD náà sínú rẹ̀, àti fáìlì tí wọ́n ń pè ní DICOMDIR, àti àwọn tí orúkọ wọn kò ní ìtumọ̀ kankan lójú yín. Ẹ má ṣà wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí fódà náà, ẹ yan Properties, kí ẹ sì kọ iye fáìlì tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. A máa lò ó.

Sọ́fítíwíà tí mo fẹ́ràn fún títì í ni 7-Zip. Ọ̀fẹ́ ni, láti 1999 ni Igor Pavlov ti ń ṣe é, kò sì tóbi rárá. Orí 7-zip.org nìkan ni kí ẹ ti gbà á, nítorí àwọn kan máa ń ṣe ayédèrú ojúlé tó jọ ọ́. Fún Mac, Keka ni. Bó bá jẹ́ fóònù Android nìkan lẹ ní, ZArchiver máa ṣe é. Bí ẹ bá ti fi 7-Zip sórí Windows tán, ẹ tẹ apá ọ̀tún máòsì lórí fódà yẹn, ẹ yan 7-Zip, ẹ wá yan Add to archive. Fèrèsé kan á ṣí. Níbi Archive format, ẹ yan 7z. Níwájú Archive, ibi tí orúkọ fáìlì wà, ẹ pa orúkọ aláìsàn rẹ́, kí ẹ fi ohun tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni síbẹ̀, bí àpẹẹrẹ iwe-osu-keje. Àwọn ènìyàn máa ń ti fáìlì pa tán, kí wọ́n tó wá kọ "CT-ikùn-Màmá" sí ara ìta rẹ̀. Gbogbo ẹni tí fáìlì náà bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ló máa kà á.

Lọ́wọ́ ọ̀tún fèrèsé yẹn ni Encryption wà. Ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. AES-256, irú ìtìpa tó lágbára, ni ẹ máa rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà tí wọ́n kọ Encrypt file names sí. Ẹ fàmì sí i. Bí ẹ kò bá fàmì sí i, àwọn fáìlì inú rẹ̀ kò ní ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ wọn á máa hàn, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tó máa ń fi orúkọ aláìsàn pe fódà. Níbi Split to volumes, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín kò bá dára, ẹ kọ 100M. 7-Zip á gé e sí 100 MB, 100 MB, á sì fi .001, .002, .003 sí ìdí orúkọ wọn. Ẹ tẹ OK. Fáìlì CT sábà máa ń fún pọ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé ohun tó jáde kéré sí ti ìṣáájú.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé zip tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, kò fi páásíwọ́ọ̀dù tì í. Bí dókítà bá sì ní dandan zip lòun fẹ́, ẹ lè yan zip nínú 7-Zip, ṣùgbọ́n kí ẹ yí ZipCrypto, ìtìpa àtijọ́ ti zip, padà sí AES-256, nítorí ZipCrypto ti di ohun tí wọ́n ń fọ́ láìṣòro.

Páásíwọ́ọ̀dù ni ibi tí gbogbo rẹ̀ ti máa ń jáde. Ọjọ́ ìbí aláìsàn ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe é, tàbí orúkọ àkọ́bí pẹ̀lú 123. Ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ kò ní jókòó máa tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló máa ń rán níṣẹ́, àwọn wọ̀nyẹn ló sì kọ́kọ́ máa dán wò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo ń kọ́ ni pé kí wọ́n mú ìwé Yorùbá kan tó nípọn, kí wọ́n ṣí i síbi tó bá wá, kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. Bó bá jẹ́ "ni" tàbí "ti", kí wọ́n fò ó. Kí wọ́n tún ṣí ibòmíràn, títí ọ̀rọ̀ méje tí kò bára tan á fi pé. Irú rẹ̀ nìyí: kanga sibi oloogbe irole abere pako okere. Ẹ má lo èyí tí mo kọ yìí, ó ti hàn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó dájú jù, ẹgbẹ́ EFF ní Amẹ́ríkà, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbé àtòjọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 7,776 jáde ní 2016. Ẹ da dáìsì lúdò lẹ́ẹ̀márùn-ún, nọ́ńbà tó bá jáde á tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà irú ẹ̀ tó.

Ẹ má fi àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà sí páásíwọ́ọ̀dù. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn kí Yorùbá ní àmì, àmọ́ ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà bí é. Fóònù kan lè kà á sí lẹ́tà kan tí àmì ti wà lára rẹ̀, láptọ́ọ̀pù kan á kà á sí e tí wọ́n to àmì lé lórí. Lójú tiyín, bákan náà ni. Lójú 7-Zip, ọ̀tọ̀ ni, kò sì ní ṣí fún dókítà yín bó ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó. Kí ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sínú ìwé kan nílé, pẹ̀lú ọjọ́, torí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá yín ṣí i, kódà ẹni tó ṣe 7-Zip.

Ọ̀nà tí ẹ máa fi rán an

Bí fáìlì títì náà kò bá ju 2 GB lọ, WhatsApp tó. Ẹ tẹ àmì tí ẹ fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan Document, kì í ṣe Gallery. Sí dókítà náà tààrà ni o, kì í ṣe sínú gúrúùpù. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ní WhatsApp lórí láptọ́ọ̀pù, ibẹ̀ ni kí ó ti ṣí i.

Bó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀, Google Drive ni mo máa ń tọ́ka sí. Àyè 15 GB ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ímeèlì àti fọ́tò yín sì jọ ń pín in ni, kí ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè ṣì wà. Bí ẹ bá ti gbé e síbẹ̀ tán, ẹ tẹ Share, kí ẹ kọ ímeèlì dókítà náà síbẹ̀, kí General access wà ní Restricted. Bí ẹ bá yí i sí Anyone with the link, ẹnikẹ́ni tí línkì náà bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè gba fáìlì náà sílẹ̀. Àtìpa ló máa bá a, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sídìí tí ẹ fi máa fún un láyè rárá.

Àwọn ojúlé tó ń gba fáìlì ńlá lọ́wọ́ ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n á fún un ní línkì, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn, kìkì kó jẹ́ pé ẹ ti tì í kí ó tó débẹ̀. Ẹ má sì fi wọ́n ṣe ibi ìpamọ́. Mozilla ṣe èyí tó dára gan-an ní 2019, Firefox Send, tó ń ti fáìlì pa fúnra rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi rán kòkòrò kọ̀ǹpútà kiri, Mozilla sì pa á tì ní 2020.

Fún ẹni tí òun àti dókítà lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lásìkò kan náà, tí kò sì bẹ̀rù kí ó tẹ àṣẹ sínú fèrèsé dúdú, sọ́fítíwíà méjì wà, croc àti Magic Wormhole. Ẹ máa tẹ àṣẹ, á fún yín ní nọ́ńbà kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ kà á fún ẹni kejì lórí fóònù, òun náà á tẹ̀ ẹ́, fáìlì á máa lọ láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdúró sórí ibi ìpamọ́ ẹnikẹ́ni. Croc tún ní àǹfààní kan: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àsìkò. Iyàrá tí wọ́n fi ń gba nǹkan wálẹ̀ ni àwọn tó ń ta dátà ń polówó. Ti gbígbé e sókè, èyí tí ẹ nílò níbí, sábà máa ń lọ́ra jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó lórí fast.com kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mbps ni wọ́n fi ń sọ ọ́, b kékeré nìyẹn, bíìtì ni. 8 rẹ̀ ló ń di B ńlá kan, ìyẹn báìtì, èyí tó wà nínú MB. Fáìlì 400 MB lórí gbígbé 2 Mbps á gbà tó ìṣẹ́jú 27, bí ohunkóhun kò bá já a. Ní Lugbe tàbí Nyanya ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ènìyàn wà lórí fóònù, ẹ lè má rí 2 yẹn. Ẹ dúró di lẹ́yìn aago méjìlá òru, kí láptọ́ọ̀pù ti gba iná kún, kí fóònù tí ẹ fi ń pín dátà sì wà lórí páwábánkì, torí bí iná bá lọ láàárín méjì, ẹ lè ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà ilẹ̀ ló máa yá jù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já ní etí òkun Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ nǹkan sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà. Fúláàṣì tí ẹ fún awakọ̀ ní Utako láàárọ̀ lè dé Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù bó bá jẹ́ fáìlì àtìpa nìkan ló wà lórí fúláàṣì náà. Bí fáìlì náà bá ju 4 GB lọ, tí fúláàṣì sì kọ̀ ọ́ bó tilẹ̀ láyè, ìlànà FAT32 ló wà lórí fúláàṣì yẹn. Ẹ gé fáìlì náà sí wẹ́wẹ́ bí mo ṣe júwe lókè.

Kọ́kọ́rọ́ á gba ẹnu lọ

Páásíwọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ gba ibi tí fáìlì gbà. Bí fáìlì bá gba WhatsApp, kí páásíwọ́ọ̀dù má gba WhatsApp. Pípè ni mo fẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ohùn ẹni náà. Àwọn ọ̀daràn ń gba WhatsApp lọ́wọ́ àwọn ènìyàn káàkiri Nàìjíríà, wọ́n á ní kí o ka nọ́ńbà mẹ́fà kan fún àwọn, bí o bá ti kà á tán, àkáǹtì rẹ ti lọ. Ẹ lè máa kọ̀wé sí dókítà yín, kó máa dá yín lóhùn, kó má sì jẹ́ òun. Nítorí náà, nọ́ńbà tí ẹ ti ń fi pè é tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè. Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé òun ti pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ pe ti àtijọ́ ná.

Ọkùnrin kan tí mo kọ́ ní èyí jókòó sí yàrá ìdúró wa, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ dókítà n'Íbàdàn. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò." Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rí i pé àwọn tó jókòó tì í ti dákẹ́. Ó dìde, ó jáde lọ sábẹ́ igi dongoyárò tó wà níbi tí a ń páàkì ọkọ̀ sí. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ń pe lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan, ó ń dúró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kà á padà fún un. Nígbà tó padà wọlé, ó ní, "Ó ní kí n kí yín, Màdáámù, pé ó ti ṣí." Bó ṣe yẹ kí a ṣe é gan-an nìyẹn: ká pe lẹ́tà, kí ẹni kejì kà á padà, ká má sì ṣe é níbi tí etí pọ̀ sí.

Bó bá ti ṣí fún dókítà, ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ rẹ̀: fáìlì mélòó ló rí nínú fódà náà, àti orúkọ pẹ̀lú ọjọ́ wo ló wà lára àwòrán. Ẹ fi wé iye tí ẹ kọ sílẹ̀ lórí Properties. Orúkọ àti ọjọ́ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, pàápàá fún ẹni tí a ti ya àwòrán rẹ̀ rí, kí dókítà má baà máa wo ti ọdún tó kọjá. Bí kò bá ní sọ́fítíwíà tó ń ṣí DICOM, MicroDicom wà fún Windows, Horos wà fún Mac, Weasis wà fún méjèèjì.

Nígbà mìíràn, dókítà á ní òun fẹ́ fi àwòrán náà han àwọn ẹgbẹ́ òun. Ìgbà yẹn ni kí orúkọ kúrò lára rẹ̀. MicroDicom àti Horos lè bá yín yọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí kúrò nínú gbogbo fáìlì náà, Anonymize ni wọ́n ń pè é. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú síkáànì aboyún àti irú rẹ̀, níbi tí orúkọ ti di ara àwòrán fúnra rẹ̀. Anonymize kì í sábà pa ìyẹn rẹ́. Fún dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn náà gan-an, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, torí kí ó má baà kó àwòrán ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn tó bá ti gbà á, ẹ pa á rẹ́ lórí Drive. Inú Trash ló máa lọ, ọjọ́ 30 ni Google fi ń pa á mọ́ níbẹ̀ kó tó parẹ́, nítorí náà ẹ ṣí Trash, ẹ dà á nù fúnra yín. Ẹ pa ti WhatsApp rẹ́ fún tọ̀tún-tòsì, kí ẹ sì wo fódà Downloads lórí láptọ́ọ̀pù, torí ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dà máa ń sùn sí.

Bó bá ń sọ pé páásíwọ́ọ̀dù kò bá a mu, ẹ bi í bóyá lẹ́tà ńlá ló fi bẹ̀rẹ̀. Fóònù máa ń sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá láìbéèrè. Bó bá jẹ́ CRC failed ló ń rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ègé náà kò dé pérépéré. Ẹ ní kó ka ìtóbi ègé kọ̀ọ̀kan fún yín, .001, .002, títí dé ìparí, ẹ fi wé tiyín, èyí tó bá kéré sí tiyín nìkan ni kí ẹ tún rán. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ègé pé, síbẹ̀ tí .001 kò ṣí, ó ṣeé ṣe kó ti kó wọn sí fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: kí ó kó gbogbo wọn sínú fódà kan ṣoṣo, kí ó má yí orúkọ ìkankan padà, kí ó wá tẹ .001 nìkan.